Ìkọ́kọrẹ́ Àná Tí Mo Kọ Sára Mẹ́nù

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà náà yóò sọ pé irọ́ ni mo ń pa, pé ọ̀sán Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni, nígbà tí àga ń fò lókè, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sára àwòrán adìyẹ díndín tó wà lára ògiri wa. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Èmi mọ ohun tí wọn kò rí. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé aago ògiri kan wà lókè ilẹ̀kùn ọ́fíìsì máníjà wa, òun ni mo sì tẹjú mọ́ nígbà tí mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, tí n kò kàn án.

Ọkàn mi kì í gba ariwo. Bí ẹnìkan bá gbé ohùn sókè nínú ilé kejì, àyà mi á máa já bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bá wí. N kò sọ èyí bí àwáwí. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀rù ló bí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí òróró gbígbóná bó lápá kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Ilé oúnjẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára irú àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri: àga pupa kan náà, táìlì funfun kan náà, òórùn òróró kan náà, láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọdún kejì tí mo gba ìwé-ẹ̀rí mi ní yunifásítì ni wọ́n gbà mí sí ìdí káńtà. Pátákó mẹ́nù wa máa ń tan iná lókè orí mi, ó gùn láti ògiri dé ògiri, àwòrán oúnjẹ sì kún inú rẹ̀, àmọ́ bí ìdajì wọn ni kò fìgbà kan sí rí ní ẹ̀ka tiwa. Lórí mẹ́nù, ẹja ńlá kan wà tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ yí ká. Nínú ilé ìdáná, n kò rí ìrù rẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa sọ "kò sí" fún àwọn tí ebi ń pa. Ọkùnrin kan ti ju ìgò mínírà lù mí rí nítorí "kò sí". Ó bà mí léjìká. Ó ní, "Bí kò bá sí, kí ló dé tí ẹ fi ya fọ́tò rẹ̀?" Èmi náà ni mo tún bẹ̀ ẹ́, mo sì gbá àfọ́kù ìgò náà.

Olú-iléeṣẹ́ ní Èkó gba ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láyè láti fi oúnjẹ ìlú kan ṣoṣo kún mẹ́nù. Wọ́n fún wa ní pátákó dúdú kékeré fún ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì la fi ń kọ ọ́, ojú àwọn oníbàárà ló sì kọ sí. Ìkọ́kọrẹ́ ni tiwa. Èmi ni mo ń kọ pátákó náà láràárọ̀. Ẹni tó ń se ìkọ́kọrẹ́ náà ni obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orí hìjáàbù rẹ̀ ló máa ń dé fìlà iṣẹ́ lé. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n ra ẹ̀rọ fún un, ó kọ̀ ọ́, ọwọ́ ló fi ń rin ewùrà, á wá máa já a ní kókó kókó sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ẹja gbígbẹ tó ń lò, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Òde-Omi ló ti ń wá, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé èbúté kí mọ́tò tó gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bóyá nítorí ẹja yẹn ni Màmá ṣe fẹ́ràn mi. Alákọ̀wé ló ń pè mí. Bí inú rẹ̀ bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, á pè mí ní Alákọ̀wé ọmọ ẹlẹ́ja.

Òfin kan wà tí olú-iléeṣẹ́ kò fi ṣeré: oúnjẹ kankan kò gbọ́dọ̀ sùn. Bí a bá fẹ́ tilẹ̀kùn, ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù, inú àgbá la ó dà á sí, a ó sì da omi ọṣẹ lé e lórí, kí òṣìṣẹ́ tàbí alágbe má baà rí i jẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Màmá da ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ sínú àgbá yẹn, ó ń fi ìgbakọ gún un bí ẹni tó ń gún ejò. Ó ní, "Bí ẹ bá máa pa á, ẹ jẹ́ kó tètè kú." Ojú rẹ̀ pọ́n títí ó fi wọ mọ́tò.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí, nítorí ibí gan-an ni gbogbo rẹ̀ so kọ́. Ìkọ́kọrẹ́ tó bá sùn, tó tutù, tó ki, tí epo àti ẹja ti wọ inú ewùrà lọ, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ìkọ́kọrẹ́ gidi. Tútù la ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹ̀bà tó ń rú èéfín. Ní ilé wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti fi eyín ya ara wa lápá rí nítorí ìsàlẹ̀ ìkòkò àná. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa na ọrùn bojú wo inú, tó ní:

"Ṣé ti àná wà?"

"Kò sí, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ wá ń ta ti òní nìkan? Ta ló ṣépè fún yín?"

Màmá gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pè mí. "Alákọ̀wé, ìwọ lo lè bá máníjà sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé kó gbà mí láyè kí n máa fi díẹ̀ sùn nínú fíríìjì. Bó bá ní rárá, kò sí ìjà."

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà nìyẹn, lọ́jọ́ Ajé, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Máníjà wà nínú, ó ń fi ọwọ́ na tábìlì, ó ń sọ fún ẹni tó ń fọ abọ́ pé òun máa fọ́ ọ lẹ́nu. Mo gbọ́ tí nǹkan kan bàlẹ̀ tó fọ́. Mo dúró. Ìka mi ti tẹ̀ kọrọdọ fún kíkàn, ó kù díẹ̀ kó kan pákó. Mo sọ fún ara mi pé mo máa padà wá tí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀. Mo yí padà. Nígbà tí Màmá rí mi, kò tíì bi mí ní ìbéèrè kankan tí mo fi sọ pé, "Ó ní kò burú."

Mo ti ro gbólóhùn yẹn títí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Ojú ń tì mí láti sọ fún un pé ilẹ̀kùn lásán ló lé mi padà, èmi tí ó ń pè ní Alákọ̀wé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo rò pé mo máa bá máníjà sọ ọ́ lọ́la, kí irọ́ náà lè di òtítọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀la dé, máníjà ṣì ń pariwo. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára pátákó: ÌKỌ́KỌRẸ́ ÀNÁ, Ẹ̀BÀ GBÍGBÓNÁ.

Ẹ̀yìn ni máníjà máa ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ló sì ń gbà jáde, kò ka pátákó yẹn rí. Àwọn oníbàárà kà á. Àwọn ọlọ́kadà wá, àwọn olùkọ́ yunifásítì wá, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó bá ń kọjá á sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ kan, ẹni méjì di ara wọn lọ́rùn mú lórí abọ́ tó kẹ́yìn, tí bọ́tìnnì ẹnìkan fi já sínú ẹ̀bà. A fi ṣe ẹ̀rín. Láràárọ̀ ni Màmá sì ń gbàdúrà fún máníjà bó bá ṣe ń ṣí fíríìjì: "Ọmọ dáadáa ni. Ọlọ́hun á gbé e ga." Bó bá ti ń sọ ọ́ báyìí, màá wá iṣẹ́ kan ṣe níwájú.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, aláyẹ̀wò dé láti olú-iléeṣẹ́ ní Èkó. Obìnrin kan ni, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà iwájú ló gbà wọlé. Ó dúró síwájú pátákó mi.

"Kí ni wọ́n ń pè ní ti àná?" ó bi mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹun lọ́wọ́ ti dáhùn kí n tó lanu. "Mà, àgbà ìkọ́kọrẹ́ ni. Ọmọdé ṣì ni tòní."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ìdáná lọ, nígbà tó sì máa jáde, ó gbé rọ́bà ìkọ́kọrẹ́ kan jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tó mú òkú eku ní ìrù. Ó pe máníjà. Ó ní níwájú gbogbo wa pé bí òun bá fi èyí sínú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Mo rí ojú máníjà nígbà náà. Ẹ̀rù ń bà á. Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa, èmi náà ní irú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tèmi máa ń sá, tirẹ̀ máa ń lu ènìyàn.

Ó wọ ìdáná, ó fi ọrùn épírọ́ọ̀nù fa Màmá jáde síwájú gbogbo àwọn tó ń jẹun. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ló ń pe Màmá, nítorí ọjọ́ orí. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Ìwọ! Ta ló ní kí o máa ta oúnjẹ bíbàjẹ́ nínú ilé yìí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó dojú rọ́bà náà dé e lórí. Ìkọ́kọrẹ́ ń ṣàn lára hìjáàbù Màmá, epo ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó sì gbá a létí. Ìró rẹ̀ le débi pé ẹnìkan tó wà níta yọjú.

Màmá kò kọ́kọ́ sunkún. Ó nu epo kúrò lójú, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ ní kò burú! Ẹ bi Alákọ̀wé. Òun ló wá bá yín."

Máníjà yíjú sí mi. Gbogbo ilé yíjú sí mi. "Ṣé o wá bá mi?"

"Rárá, sà." Ohùn mi kéré. "N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ọwọ́ mi ló kọ pátákó náà, síbẹ̀ ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, n kò lọ bá a lóòótọ́. Ìdajì yẹn ló ń pa mí jù. Màmá wò mí. Kò bínú, kò ṣépè. Ó ń wò mí bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe òun tí kò rí ẹni tó pè é. Máníjà tún gbá a ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ó ń pariwo "Olè! Òpùrọ́!" ó sì ń tì í padà sínú ìdáná, níbi tí gbogbo wa ti ń rí wọn láti ojú fèrèsé.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ Màmá ti kan orógùn tó fi ń ro ẹ̀bà. Ó fi Ìjẹ̀bú sọ nǹkan kan tí máníjà kò gbọ́, ó sì là á mọ́ ọn níwájú orí. Ó dún bí àgbọn. Iwájú orí náà là, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ lójijì bí aṣọ tí wọ́n fà sílẹ̀. Nínú àìríran yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti obìnrin náà. Ẹ̀yìn Màmá ni ẹ̀rọ tí a fi ń dín adìyẹ wà. Ó fẹ́ di nǹkan mú kí ó má ṣubú. Apá ọ̀tún rẹ̀ wọ inú òróró dé ìgúnpá.

Igbe tó ké, n kò lè fi sínú ìwé. Mo ṣì ń gbọ́ ọ bí ẹnìkan bá fi omi sínú páànù gbígbóná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fo káńtà. Ọlọ́kadà kan fi àga fọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lórí, ẹ̀ṣọ́ náà sì fi kóńdó rẹ̀ yọ eyín ẹlòmíràn. Wọ́n fa pátákó mẹ́nù ńlá wálẹ̀, ó bú gbàmù, iná ń ta lára rẹ̀, adìyẹ àti ẹja ọlọ́sàn wà nílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo lóṣòó sẹ́yìn fíríìjì mínírà, mo fi ìwé mẹ́nù bo orí, bí ẹni pé ìwé lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àga. Ẹnìkan fi bàtà tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò tilẹ̀ ké. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí máníjà nílẹ̀, wọ́n ti wọ́ ọ jáde nínú ìdáná, wọ́n ń gbá a nípàá ní ìhà, ní ojú, ní ẹnu. Wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ pa á! Ìyá ẹni lo sun lápá!" Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi àgbà ìkọ́kọrẹ́ dápàárá lẹ́ẹ̀kan ti gbé búlọ́ọ̀kù kan wá láti ìta, ó gbé e sókè kọjá orí ara rẹ̀. Olùkọ́ fẹ̀yìntì yẹn ló fi gbogbo ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé máníjà lórí.

"Ẹ pa èmi náà mọ́ ọn!" ó ní. "Ẹ pa wá pọ̀!"

Búlọ́ọ̀kù náà bàlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, táìlì fọ́. N kò lè sọ bí ó ti kù tó kí ó pa wọ́n. Ó kù díẹ̀ ni.

Wọ́n gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Kò tíì jáde nílé ìwòsàn tí ọlọ́pàá fi dúró tì í, pé ó fi igi fọ́ orí ọ̀gá rẹ̀, pé ó sì ń ta oúnjẹ tó lè pa ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló lọ dúró fún un kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ sílé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Máníjà jókòó, wọ́n ti gán an lórí, ojú rẹ̀ kan wú tó fi dí. Wọ́n ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ dè mí: pé obìnrin náà ń fi oúnjẹ pamọ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, pé òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́, pé òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ tó ki ọwọ́ bọ inú òróró. Ẹni tó wá láti olú-iléeṣẹ́ sọ pé ẹ̀ka tuntun ń bọ̀, àwọn sì nílò igbákejì máníjà tó kàwé, tó ní làákàyè. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo sì ní, "Ẹ ṣé, sà." Kò sẹ́ni tó ní kí n dúpẹ́.

Kò pé ọjọ́ méjì tí wọ́n fi fún Màmá ní orúkọ tuntun. Àwọn tó ti jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jà lórí abọ́ tó kẹ́yìn, àwọn náà ló ń pè é ní Ìyá Bàjẹ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́jọ́ Àìkú tí mo ń lọ sílé rẹ̀. Obìnrin kan ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé wọ́n ti rí ìdin nínú fíríìjì. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé tí wọ́n fi ń pa irọ́ náà, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Màmá obìnrin, tí ó ṣeé ṣe kí a jẹ́ ẹgbẹ́, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Alákọ̀wé?"

"Èmi ni."

Ó gbá mi létí. Ó fi ọwọ́ kejì gbá mi ní èkejì. Ètè mi bẹ́, mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ya wèrè, àmọ́ ara tù mí díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá yọ ẹ̀gún. Mo fẹ́ kí ó tún gbá mi sí i. Màmá ló pè é láti inú yàrá pé kó fi mí sílẹ̀.

Wọ́n ti di apá Màmá láti ìka dé òkè ìgúnpá, òórùn oògùn àti ti ara jíjóná wà nínú yàrá. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn, aago, ìka mi tí kò kan pákó, "ó ní kò burú," ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀. Mo sọ ọ́ gùn jù, mò ń ṣàlàyé bí àyà mi ṣe máa ń já, títí ó fi gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Kí ni máníjà ń ṣe nígbà tí o débẹ̀?"

"Ó ń pariwo, Mà."

"Ó ń pariwo." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Alákọ̀wé, ariwo yẹn ni èmi náà ń sá fún tí mo fi rán ọ. Mo rò pé kò ní lè pariwo mọ́ ẹni tó kàwé."

Mo yọ lẹ́tà tí mo kọ sí olú-iléeṣẹ́ jáde. Gbogbo òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Kò gbà á.

"Ìwé lẹ fi sọ mí di báyìí," ó ní. "N kò fẹ́ ìwé mọ́. Ojú àwọn tó ń jẹun ni máníjà ti da oúnjẹ lé mi lórí, ojú wọn náà ni kí o ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí kò bá sí àga tó ṣófo. Màá wá. Màá jókòó bí oníbàárà. Ìwọ á dúró sí ìdí káńtà rẹ, wàá sì sọ ọ́ sókè, kí máníjà wà níbẹ̀."

"Màmá, wọ́n á tún jà."

"Nígbà tí wọ́n jà lórí irọ́, ta ló dá wọn dúró?"

Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Tó bá kọ̀ tí kò sọ ọ́, èmi ni màá wá bá a sọ ọ́. Kì í ṣe ẹnu ni màá fi sọ ọ́ o."

Ọjọ́bọ̀ lónìí, ọ̀sán ni mo ń kọ èyí. Wọ́n ti tún ilé oúnjẹ náà ṣí. Wọ́n fi irin de àwọn àga mọ́lẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ti di mẹ́ta, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọ oúnjẹ ìlú kankan sára pátákó mọ́. Lánàá, máníjà gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú lẹ́yìn káńtà, ó fún un títí egungun fi dún, ó ní, "O mọ̀ pé o ti tọwọ́ bọ̀wé." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá jẹun, wọ́n ń wo iwájú orí rẹ̀ tí wọ́n gán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé àwọn kò tíì ṣe tán.

Mo máa sọ ọ́. Ìyẹn ti kúrò ní ohun tí mo ń bi ẹnikẹ́ni. Mo ti ń gbé e wò níwájú dígí, ohùn mi ti ń jáde díẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí n óò ṣe sọ ọ́ tí wọn kò ní pa ọkùnrin yẹn. Bí mo bá sọ pé irọ́ ni ìwé náà, pé òun ló ti obìnrin náà sínú òróró, ilé tó kún fún àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí ni mo ń sọ ọ́ fún, búlọ́ọ̀kù sì wà níta. Bí mo bá kìlọ̀ fún máníjà kó má wá sí iṣẹ́, Màmá á jókòó lásán pẹ̀lú apá dídì, ìtìjú rẹ̀ á sì di méjì. Bí mo bá bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n wá dúró, Màmá náà ni wọ́n á kọ́kọ́ wò bí ọ̀daràn.

Mo ti rò ó bóyá kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, kí ìbínú wọn lè wá sórí mi ná, kí ó rẹ̀ wọ́n kí ó tó kan tirẹ̀. Mo ti rò ó bóyá kí n lọ bẹ olùkọ́ fẹ̀yìntì yẹn kó jókòó ti máníjà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mélòó ni àgbàlagbà kan yóò fi ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹlòmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí láàárín ogunlọ́gọ̀ tó ń bínú, tí òtítọ́ tó lè pa ènìyàn wà lẹ́nu yín, ọ̀rọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ sọ? Ta lẹ pè kó dúró tì yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Màmá ti ní òun kò ní pẹ́ dé.